Kí Ẹ̀rọ Tó Wo Ara Rẹ̀ Sàn: Ọ̀gangan-ipò Nínú Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà Atọ́jú-ara-rẹ̀

Ìṣọníṣókí

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ wò láti ọdún 1991 lórí kọ̀ǹpútà tó ń fòye mọ ọ̀gangan-ipò àti kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ara rẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pàdé. Èrò wa ni pé ṣíṣe àtúnṣe kọ́ ni ìṣòro ẹ̀rọ mọ́, mímọ ibi tí àìsàn wà ni. Ìṣẹ̀lẹ̀ Facebook ti ọdún 2021 àti ìdánwò ọkọ̀ òfuurufú Deep Space 1 ti ọdún 1999 ni a fi gbe èrò náà lẹ́sẹ̀.

1. Ìfáárà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4, oṣù Kẹwàá, ọdún 2021, WhatsApp, Facebook àti Instagram dákẹ́ lọ gbári káàkiri ayé fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹni tí ń pa fóònù rẹ̀, tó tún ń tàn án, rò pé dátà òun ló tán. Fóònù kò ṣẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Facebook, ilé-iṣẹ́ tó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fẹ́ wo bí ọ̀nà ńlá tó so àwọn ilé dátà wọn pọ̀ ṣe lè gbà tó, àṣẹ tí wọ́n fi wò ó ló já gbogbo ọ̀nà náà. Wọ́n ní irinṣẹ́ tó yẹ kó dá irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ dúró, àmọ́ àléébù wà nínú irinṣẹ́ náà, ó sì jẹ́ kó kọjá.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló kàn wá jù. Àwọn sáfà DNS ni wọ́n ń júwe ibi tí Facebook wà fún gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti kọ́ wọn pé, bí wọn kò bá gbúròó ilé dátà mọ́, kí wọ́n gbà pé ọ̀nà tiwọn ni kò dáa, kí wọ́n sì yọ ara wọn kúrò lójú ọ̀nà, kí èrò lè yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìmọ̀ràn tó dára ni, bó bá jẹ́ sáfà kan ló ń ṣàìsàn. Lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ló yọ ara wọn. Ara wọn le, wọ́n ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, “Amúkùn-ún, ẹrù ẹ́ wọ́”. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Òkè ẹrù ni àwọn sáfà wọ̀nyẹn wò.

2. Ọ̀nà méjì tí kò mọ ara wọn

Ọ̀nà kìíní bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Mark Weiser, ẹni tó kọ ọ́ ní ọdún 1991 pé kọ̀ǹpútà yóò wọnú ohun èlò ojoojúmọ́ débi pé ojú kò ní rí i mọ́. Ní ọdún 1992, ilé ìwádìí Olivetti ní Cambridge gbé Active Badge jáde. Báàjì tí òṣìṣẹ́ ń fi kọ́ àyà ni. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 15-15 ló máa ń ta ìtànṣán tí ojú kò lè rí sí ẹ̀rọ tó wà lára ògiri, kí ẹni tó wà nídìí tẹlifóònù lè mọ yàrá tí òṣìṣẹ́ kan wà, kó sì darí ìpè síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, Schilit, Adams àti Want pín ọ̀gangan-ipò sí mẹ́ta: ibi tí o wà, ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ, àti ohun tó wà nítòsí rẹ. Anind Dey ló fẹ̀ ẹ́ lójú ní ọdún 2001. Lójú tirẹ̀, gbogbo ìmọ̀ tó bá lè júwe ipò tí ènìyàn, ibìkan tàbí nǹkan kan wà ni ọ̀gangan-ipò, bí ìmọ̀ náà bá ti kan àjọṣe ènìyàn àti ẹ̀rọ.

Ọ̀nà kejì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Ní ọdún 2001 náà, Paul Horn ti IBM kìlọ̀ pé bí ìdíjú kọ̀ǹpútà ṣe ń pọ̀ sí i, àwọn amòye tí yóò máa bójú tó o kò ní ká a mọ́. Ara ènìyàn ló fi ṣàpẹẹrẹ. Ọkàn ń lù, òógùn ń bọ́ nígbà tí ooru bá mú, a kò sì pàṣẹ fún èyíkéyìí. Kephart àti Chess ṣàlàyé èrò náà nínú oṣù Kìíní ọdún 2003: kí ẹ̀rọ máa to ara rẹ̀, kó máa mú ara rẹ̀ já fáfá, kó máa wo ara rẹ̀ sàn, kó sì máa dáàbò bo ara rẹ̀. Wọ́n pín iṣẹ́ náà sí ìpele mẹ́rin tó ń yí po: ìṣọ́, ìtúpalẹ̀, ìpètepèrò àti ìgbéṣe. Àpò ìmọ̀ kan wà láàárín tí ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tọwọ́ bọ̀.

3. Ibi tí ọ̀nà ti pàdé

Àpò ìmọ̀ yẹn ni oríta. Salehie àti Tahvildari, nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní ọdún 2009, fi ìmọra-ẹni àti ìmọ ọ̀gangan-ipò sí ìpìlẹ̀, wọ́n wá gbé iṣẹ́ mẹ́rin àwọn Kephart lé e lórí. Ohun tí ìtò yìí ń sọ ni pé ẹ̀rọ tí kò mọ ibi tó wà kò lè wo ara rẹ̀ sàn.

Àpẹẹrẹ kan wà nílé mi. Changeover aládàáṣiṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rà kò mọ̀ ju ohun kan lọ: iná wà, tàbí iná kò sí. Bí iná bá lọ, á tan jẹnẹrétọ̀. Bó bá dé, á pa á. Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná wà lóòótọ́, àmọ́ ó relẹ̀ débi pé gílóòbù ń pọ́n bí ẹyin iná, fìríìjì ń kùn, kò gbéra. Changeover kò mira, nítorí pé lójú tirẹ̀, iná wà. Oníṣẹ́ iná tí mo pè rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀gá, ohun tí ẹ bá kọ́ ọ ló mọ̀.” Ó fi èyí tó ń wọn agbára iná rọ́pò rẹ̀. Ó tún fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan láti fi dúró wò, kó má baà máa tan jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná kàn ṣẹ́jú. Iṣẹ́ tí changeover ń ṣe kò yí padà. Ohun tó mọ̀ ló pọ̀ sí i.

Perera àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní ọdún 2014 pé ìpele mẹ́rin ni irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá: a ó kó o jọ, a ó tò ó, a ó fi ọgbọ́n yọ ìtumọ̀ rẹ̀, a ó sì pín in fún ẹni tó nílò rẹ̀. Lórí bí a ṣe ń tò ó, Strang àti Linnhoff-Popien fi ọ̀nà mẹ́fà wéra ní ọdún 2004, láti orí orúkọ àti iye lásán títí dé orí ontology, èyí tó ń sọ bí nǹkan ṣe bá nǹkan tan. Ontology ni wọ́n yàn láàyò.

4. Ìdánwò kan lójú òfuurufú

Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1999, NASA fi àkóso ọkọ̀ Deep Space 1 lé ètò Remote Agent lọ́wọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá àṣìṣe sílẹ̀ fún un. Nínú wọn ni ẹ̀rọ atanilólobó kan tó ń parọ́. Ètò náà kò sáré lọ tún ohun tí atanilólobó náà ní ó bàjẹ́ ṣe. Ó fi ohun tó mọ̀ nípa ìyókù ọkọ̀ náà wé e, ó rí i pé olófòófó fúnra rẹ̀ ni kò ṣeé gbà gbọ́, ó sì pa á tì. Ohun tí àwọn sáfà ọdún 2021 kò ṣe gan-an nìyẹn.

Síbẹ̀, òun náà kò mọ́ délẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ìdánwò, ó yẹ kó pa ẹ́ńjìnnì, kò pa á. Apá méjì nínú ètò náà ló ń dúró de ara wọn bí ọkọ̀ méjì tó kọjú síra lórí afárá tóóró. Àwọn ènìyàn tó wà nílẹ̀ ló wá dá sí i. Ètò tó mọ àìsàn ọkọ̀ kò mọ̀ pé òun fúnra òun ti há.

5. Òkú tàbí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dí?

Ìdí tí mímọ ibi tí àìsàn wà fi nira hàn kedere nínú iṣẹ́ Fischer, Lynch àti Paterson ti ọdún 1985. Bí kò bá sí òdiwọ̀n fún bí iṣẹ́ tí a rán ṣe lè pẹ́ tó lọ́nà, kọ̀ǹpútà kan kò lè mọ̀ dájú bóyá ẹnìkejì ti kú ni, tàbí ó kàn ń falẹ̀. Èyí tó kù fún wa ni kí á fọgbọ́n gbé e.

Ọgbọ́n mẹ́ta gba àfiyèsí. Àkọ́kọ́, Hayashibara àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá ní ọdún 2004 pé kí ẹ̀rọ má sọ pé “ó kú” tàbí “ó wà láàyè”, kó máa sọ bí ìfura òun ti pọ̀ tó, ní ìbámu pẹ̀lú bí ẹnìkejì ti máa ń dáhùn tẹ́lẹ̀. Cassandra, ètò tó ń tọ́jú dátà sórí ọ̀pọ̀ sáfà, ń lo ọgbọ́n yìí. Ìfura loògùn àgbà. Ó ti wá di oògùn sáfà. Ìkejì, Kubernetes, ètò alákòóso iṣẹ́ orí sáfà tí Google gbé jáde ní ọdún 2014, ya ìbéèrè méjì sọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá dáhùn “ṣé o wà láàyè?”, á tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá dáhùn “ṣé o ti ṣe tán?”, á kàn dáwọ́ èrò dúró fún un kó lè mí. Ìkẹta, àwọn ẹ̀rọ apínṣẹ́ Amazon kì í gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ sáfà tó ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n bí gbogbo sáfà inú ọ̀wọ́ kan bá ń ṣàìsàn pọ̀, wọ́n á máa gbé iṣẹ́ lọ fún gbogbo wọn bákan náà. Bí gbogbo ilé bá ní ibà lọ́jọ́ kan náà, ẹ̀rọ tí a fi wọn ibà ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí.

6. Àgbálọgbábọ̀

Gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyí ń kọ́ ẹ̀rọ láti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan kó tó fọwọ́ kan nǹkan: ṣé èmi ni, àbí àwọn tó yí mi ká, àbí ẹni tó ń ròyìn fún mi? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ti ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo kò tíì mọ ọ̀gangan-ipò rẹ̀.

Bí Facebook ṣe padà dé ṣàfihàn èyí. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ẹsẹ̀ ara wọn dé ilé dátà, tí wọ́n sì ti so ọ̀nà padà, wọn kò tan ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Iná tí àwọn ilé náà ń fà ti lọ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mẹ́gáwáàtì; bí gbogbo rẹ̀ bá padà lójijì, ó lè ba ohun èlò iná jẹ́. Wọ́n mọ èyí nítorí pé wọ́n ti máa ń fi ìjàm̀bá àdábọwọ́ dánra wò tẹ́lẹ̀. Orí ènìyàn ni ìmọ̀ náà wà lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ tó kù fún àwa olùwádìí ni bí yóò ṣe dé inú àpò ìmọ̀ ẹ̀rọ.