Akitiyan Ìṣọ̀kan Láàárín Àwọn Ìjọ Kristẹni ní Nàìjíríà

Ìyapa tó wà láàárín àwọn ìjọ Kristẹni ilẹ̀ Nàìjíríà kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Ìjà Ọba Henry Kẹjọ pẹ̀lú póòpù ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ló ya Áńgílíkà kúrò lára Ìjọ Àgùdà. Ẹ̀yìn ikú John Wesley ní ọdún 1791 ni àwọn Elétò, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Mẹ́tọ́díìsì, kúrò lábẹ́ Áńgílíkà ní Ìlú Ọba. Ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Onítẹ̀bọmi tó wàásù ní ilẹ̀ Yorùbá ti wá, ọ̀rọ̀ níní ẹrú ló sì ya ẹgbẹ́ wọn kúrò lára àwọn Onítẹ̀bọmi ìhà àríwá ní ọdún 1845. Kò sí baba Yorùbá kankan níbi tí wọ́n ti ja ìjà wọ̀nyí, síbẹ̀ àwọn ọmọ Yorùbá ló jogún wọn.

Ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá kò le. Thomas Birch Freeman, tí àwọn Elétò rán, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Henry Townsend, tí ẹgbẹ́ CMS ti àwọn Áńgílíkà rán, dé ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Àwọn méjèèjì pàdé ní Àgbádárìgì ní àkókò Kérésìmesì, àwọn méjèèjì dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́, olórí ìlú náà, sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Lójú àwọn tó gbà wọ́n lálejò, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n bá wá, Ọlọ́run kan náà ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá ni ọ̀nà pínyà. Bí iṣẹ́ ti ń tàn kálẹ̀, ìjọ tó bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbì kan ló sábà máa ń gba ibẹ̀: Onítẹ̀bọmi rinlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Elétò rinlẹ̀ ní Iléṣà, Áńgílíkà sì rinlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ tó ń fi orúkọ ìjọ rẹ̀ yangàn lónìí, ẹni tó kọ́kọ́ wọ ìlú baba ńlá rẹ̀ ló yan ìjọ náà fún un.

Ohun kan wà tí wọn kò pín. Ní ọdún 1875, àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọmọ Yorùbá tó mọ̀wé péjọ ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ṣe akitiyan jù lọ lé lórí, pé odindi ní ọdún 1884, òun kan náà ni Áńgílíkà, Elétò àti Onítẹ̀bọmi ń kà. Àwọn ìjọ ìbílẹ̀ tó yọ lẹ́yìn náà kà á, àwọn Aládùúrà kà á. Kò sí ètò ìṣọ̀kan kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó tíì so àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Yorùbá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyapa kejì, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ló dá a sílẹ̀, ìdí rẹ̀ sì hàn kedere. Bí àwọn òyìnbó ṣe di agbára mú nínú ìjọ, tí wọ́n sì fojú tẹ́ńbẹ́lú Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní òpin ayé rẹ̀, dun àwọn ọmọ ìjọ dọ́kàn. Native Baptist Church jáde ní ọdún 1888, United Native African Church ní ọdún 1891, African Church ní ọdún 1901, àwọn Elétò kan sì dá United African Methodist Church sílẹ̀ ní ọdún 1917. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ ìtàn ìṣọ̀kan kò gbọdọ̀ ka ìwọ̀nyí sí ọlọ̀tẹ̀. Ìjọ tí kò gba ọmọ onílé láàyè láti ṣe olórí ló kọ́kọ́ ba ìṣọ̀kan jẹ́.

Lágbàáyé, ọdún 1910 ni àwọn òpìtàn sábà máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ akitiyan ìṣọ̀kan òde òní. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ míṣọ́n tí iye wọn lé ní ẹgbẹ̀rún kan péjọ sí Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, John R. Mott láti Amẹ́ríkà sì ni alága wọn. Wọn kò pe Ìjọ Àgùdà, àwọn ọmọ Áfíríkà kò sì tó nǹkan níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ìjọ tuntun ni ọ̀rọ̀ tó wọni lára jù ti wá. Cheng Jingyi láti Ṣáínà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìṣẹ́jú tí wọ́n fún un kò pọ̀, sọ fún wọn pé ìjọ kan ṣoṣo ni àwọn ará ilẹ̀ òun ń fẹ́, orúkọ tó ya àwọn òyìnbó sọ́tọ̀ síra wọn kò sì ní ìtumọ̀ kankan fún wọn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti le tó hàn ní ìlà oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1913. Ní Kikuyu, ní Kẹ́ńyà, àwọn Áńgílíkà, Elétò, Presibitéríà àti àwọn mìíràn ṣe ìpàdé lórí bí wọn yóò ṣe fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ pẹ̀lú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tí gbogbo wọn jọ jẹ, nínú ilé ìsìn àwọn Presibitéríà. Frank Weston, bíṣọ́ọ̀bù Zanzibar, fi ẹ̀sùn àdámọ̀ kan àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà méjì tó lọ́wọ́ sí i, títí tí ẹjọ́ náà fi dé iwájú Àrẹ Bíṣọ́ọ̀bù Canterbury. Àkàrà àti wáìnì tí àwọn onígbàgbọ́ jọ jẹ ló di ẹjọ́.

Ní Nàìjíríà, ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ni ìṣọ̀kan gbà wọlé. Ìjọba ń béèrè pé kí ilé-ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ túbọ̀ dára sí i, ìnáwó rẹ̀ sì wúwo fún míṣọ́n kan láti dá gbé. Áńgílíkà àti Elétò jọ dá United Missionary College sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1928 láti kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì jọ dá Igbobi College sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1932. Ní nǹkan bí ọdún 1930 ni Ìgbìmọ̀ Kristẹni ti Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí CCN, fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn ìjọ tí kì í ṣe Àgùdà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan àwọn àlùfáà fúnra wọn. Ní Umuahia, Áńgílíkà, Elétò àti Presibitéríà jọ dá ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà sílẹ̀ ní ọdún 1948. Ní Ìbàdàn, Áńgílíkà àti Elétò da tiwọn pọ̀ ní ọdún 1958, wọ́n sì sọ ọ́ ní Immanuel College. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọ̀kan nínú wọn yóò wọ aṣọ àlùfáà Áńgílíkà, tí èkejì yóò sì lọ ṣe àlùfáà Elétò, jọ ń gbé yàrá, wọ́n jọ ń gbàdúrà òwúrọ̀, ẹnì kan náà ló sì ń kọ́ wọn ní Gíríìkì.

Àpẹẹrẹ tó mú kí àwọn èèyàn gbà pé ohun tó ju àjọṣe lọ ṣeé ṣe ti Íńdíà wá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, ní ìlú Madras, Áńgílíkà, Elétò, Presibitéríà àti Congregational para pọ̀ di Ìjọ Gúúsù Íńdíà. Ìṣòro tó le jù ni ti àlùfáà. Áńgílíkà gbà pé bíṣọ́ọ̀bù ló gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ lé ẹni kí ó tó lè jẹ́ àlùfáà tó yè kooro. Bí a bá wá sọ fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ àlùfáà Elétò fún ọgbọ̀n ọdún pé kí ó tún wá kúnlẹ̀, a ti sọ fún un pé eré ni ó ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Ohun tí àwọn ará Íńdíà ṣe ni pé wọ́n gba gbogbo àlùfáà bí wọ́n ṣe wà, wọ́n sì pinnu pé láti ọjọ́ náà lọ, bíṣọ́ọ̀bù ni yóò máa gbé ọwọ́ lé gbogbo àlùfáà tuntun. Ọgbọ́n náà gba sùúrù ìran kan, ó sì ṣiṣẹ́.

Ọdún 1947 yẹn gan-an ni Áńgílíkà, Elétò àti Presibitéríà bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò ìdàpọ̀ ní Nàìjíríà, níbi ìpàdé kan ní Onitsha. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ọdún méjìdínlógún. Wọ́n kọ ìwé ètò ìdàpọ̀, wọ́n tún un kọ, àwọn ìgbìmọ̀ gíga ìjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àsìkò náà wọ̀ ọ́: orílẹ̀-èdè ń bọ̀ lọ́nà òmìnira, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sì ń wò ó pé kò yẹ kí Nàìjíríà òmìnira máa gbé ìjà àwọn òyìnbó kiri. Ní oṣù Kìíní ọdún 1958, àwọn aṣojú ìjọ káàkiri Áfíríkà pàdé ní Ìbàdàn, ìpàdé yẹn ló sì bí àjọ àwọn ìjọ gbogbo Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kampala ní ọdún 1963. Francis Akanu Ibiam, dókítà ọmọ ìjọ Presibitéríà tó di gómìnà Ìlà Oòrùn Nàìjíríà, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ààrẹ Àjọ Àwọn Ìjọ Àgbáyé láti ọdún 1961. Oṣù Kejìlá ọdún 1965 ni wọ́n fi ìdàpọ̀ náà sí, ní Èkó.

Kò wáyé. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n sún un síwájú láìdá ọjọ́ mìíràn. Àárín àwọn Elétò ni ìjà ti le jù, pàápàá ní Èkó, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ kan ti kọ̀ jálẹ̀. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé Áńgílíkà tó pọ̀ jù wọ́n yóò gbé wọn mì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣàníyàn nípa dúkìá: ta ni yóò ni ilẹ̀ àti ilé tí àwọn baba wọn fi owó ara wọn rà?

A kò gbọ́dọ̀ fojú kéré àwọn ìbéèrè yẹn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìjọ ju ibi tí a ti ń gbọ́ ìwàásù lọ. Ẹgbẹ́ kan ní àga tirẹ̀, ẹgbẹ́ kejì ní aṣọ tirẹ̀. Orúkọ ìyá àgbà tó ra agogo wà lára ògiri, ibojì baba sì wà lẹ́yìn ilé. Owó kíláàsì tí ẹnì kan ń san lọ́dọọdún ni ìwé ẹ̀rí pé ìjọ náà yóò sin ín bó bá kú, agogo yóò dún, àlùfáà yóò sì ka orúkọ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó kọ ìwé ìdàpọ̀ mọ ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù àti ìgbé-ọwọ́-léni dáadáa. Àárín àwọn olórí àti àwọn ọ̀mọ̀wé ni ìjíròrò náà sì ti wáyé jù. Ìyá tó ti san owó kíláàsì láti ogójì ọdún, tó sì ń béèrè pé orúkọ wo ni wọn yóò pe ìjọ òun lẹ́yìn ọjọ́ ìdàpọ̀, kò rí ẹni jókòó tì í kí ó ṣàlàyé fún un. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó tóbi jù wà.

Oṣù kan lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti fi ìdàpọ̀ náà sí, ní oṣù Kìíní ọdún 1966, àwọn ológun gba ìjọba. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, ó sì ya àwọn onígbàgbọ́ Ìlà Oòrùn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìpàdé. Ìjọ Elétò fúnra rẹ̀ pín sí méjì ní ọdún 1976, nígbà tí òfin tuntun tó sọ olórí rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, di Pátíríákì jáde. Ọdún 1990 ni wọ́n tó parí ìjà náà. Ní orílẹ̀-èdè Zambia, ìdàpọ̀ wáyé ní ọdún 1965 gan-an tí ti Nàìjíríà kùnà, United Church of Zambia sì wà títí di òní.

Ìhà tí ọ̀pọ̀ kò fojú sí ni ìyípadà mìíràn ti wá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1964, ìgbìmọ̀ ńlá Ìjọ Àgùdà tó jókòó ní Vatican gbé ìwé kan jáde lórí ìṣọ̀kan, ó sì pe àwọn ọmọ ìjọ mìíràn ní ará tó yà kúrò. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Àgùdà ni wọ́n kọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti wọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn mìíràn láti sìn. Láìpẹ́, bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà àti ti Áńgílíkà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1976, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Kristẹni Nàìjíríà, CAN, sílẹ̀ ní Èkó. Ó gba Àgùdà mọ́ra, ó gba àwọn ìjọ CCN, nígbà tó sì yá ó gba àwọn Pẹntikọ́sì, àwọn ìjọ ìbílẹ̀ àti Aládùúrà, pẹ̀lú àwọn ìjọ ìhà àríwá tó wà lábẹ́ TEKAN àti ECWA. Anthony Olúbùnmi Okogie, olórí ìjọ Àgùdà ní Èkó, di ààrẹ rẹ̀ ní ọdún 1988, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n níwájú ìjọba ológun.

Kò sí ẹgbẹ́ Kristẹni tó kó ìjọ jọ tó CAN ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjọba, ilé-ẹ̀kọ́ àti ààbò ló mú wọn pé jọ. Ìjọ tó jọ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú ní ọjọ́ Ajé lè kọ̀ láti gba ìtẹ̀bọmi ara wọn ní ọjọ́ Ìsinmi. Jésù, nínú àdúrà rẹ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn ọmọlẹ́yìn òun jẹ́ ọ̀kan kí ayé lè gbàgbọ́. Ìṣọ̀kan tó bẹ̀bẹ̀ fún ju kí a jọ fi ohùn kan bá ìjọba sọ̀rọ̀ lọ.

Àdúrà yẹn ni àwọn ìjọ ń rántí ní ọ̀sẹ̀ àdúrà fún ìṣọ̀kan, láti ọjọ́ 18 sí ọjọ́ 25 oṣù Kìíní, èyí tó ti wà láti ọdún 1908. Áńgílíkà, Elétò àti Presibitéríà ṣì jẹ́ ìjọ mẹ́ta ní Nàìjíríà. Ìwé ètò ìdàpọ̀ tí wọ́n kọ ṣì wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bí ó bá kọ́kọ́ bá àwọn ìyá tó ń san owó kíláàsì sọ̀rọ̀.