Yọ̀

"Ilẹ̀ ń yọ̀" la máa ń wí lẹ́yìn òjò: ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ilẹ̀ ò gbà á dúró. Ohun tí mẹkáníìkì ń sọ náà nìyẹn tó bá ní bẹ́líìtì ń yọ̀. Lára alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin àtijọ́, bíi Polaris Sportsman 500, bẹ́líìtì rọ́bà ló ń gbé agbára láti kílọ́ọ̀ṣì iwájú dé ti ẹ̀yìn. Bó bá ń yọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké ramúramù, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan, òórùn rọ́bà á gbalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè dá kílọ́ọ̀ṣì lẹ́bi. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ omi ló wọlé, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì bá ń dán bíi dígí, ooru ti bà á jẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.