Láti Ọ̀dọ̀ Kleene dé Ẹnubodè Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Yẹ Àdírẹ́sì IP Wò

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lè dà bí ohun kékeré lójú yín: bí a ṣe ń mọ̀ pé nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹnì kan kọ kalẹ̀ jẹ́ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà ní tòótọ́. N kì bá tí fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀ bí kì í bá ṣe pé òdo kan ṣoṣo nínú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ti mú mi rẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ rí. N ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ronú nípa ọpọlọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1943, Warren McCulloch àti Walter Pitts, ní Amẹ́ríkà, fi ìṣirò ṣàlàyé bí àwọn iṣan inú ọpọlọ ṣe lè máa ránṣẹ́ sí ara wọn: yálà kí iṣan kan ta tàbí kí ó má ta, kò sí àárín méjì. Pitts kò ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà náà. Ní ọdún 1951, Stephen Kleene, onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Wisconsin, lọ lo ìgbà ooru ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí RAND ní California, ó sì gbé ìbéèrè kan ka iwájú: irú ìṣẹ̀lẹ̀ wo ni àwọn iṣan bẹ́ẹ̀ lè dá mọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ jáde nínú ìwé ní 1956. Ó ní ohun mẹ́ta péré ni a nílò: kí ohun kan tẹ̀lé òmíràn, kí a lè yan èyí tàbí ìyẹn, kí ohun kan náà sì lè wáyé léraléra, iye ìgbà tí ó bá wù ú, títí kan kí ó má wáyé rárá. Àmì ìràwọ̀ ni ó fi dúró fún ẹ̀kẹta yìí. Ó pe irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní regular, ibẹ̀ sì ni orúkọ regular expression ti wá. Èmi yóò máa pè é ní bátànì ọ̀rọ̀, nítorí ó jọ bátànì tí aránṣọ fi ń gé aṣọ. Ìrísí ni bátànì mọ̀. Kò mọ ẹni tí yóò wọ aṣọ náà.

Ní ọdún 1968, Ken Thompson, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní New Jersey, tẹ àlàyé jáde nípa bí kọ̀ǹpútà IBM 7094 ṣe lè fi irú bátànì yìí wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ máa tọ gbogbo ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ó ti ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, dípò kí ó tọ ọ̀nà kan dé òpin kí ó tó padà wá gbìyànjú òmíràn. Láìpẹ́, bátànì wọ inú ed, irinṣẹ́ ìkọ̀wé ti Unix. Àṣẹ kan nínú ed, g/re/p, èyí tí ó ní kí a wá bátànì jákèjádò ìwé kí a sì tẹ ìlà tí ó bá ní i jáde, ni a fi sọ irinṣẹ́ grep lórúkọ ní 1973.

Àdírẹ́sì ni ó kù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1981 ni RFC 791 jáde, ìwé ìlànà tí Jon Postel ti Yunifásítì Southern California jẹ́ olóòtú rẹ̀. Ó fi lélẹ̀ pé bíìtì 32 ni àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ bíìtì ni ohun tí kò lè ju òdo tàbí oókan lọ. Ojú ènìyàn kò lè ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pẹ́. Nítorí náà ni a ṣe ń pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, bíìtì mẹ́jọ mẹ́jọ, tí a ń fi nọ́ńbà kan dúró fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń fi àmì ìdánudúró là wọ́n láàrin, bí i 192.0.2.7. Bíìtì mẹ́jọ lè ní ìrísí 256, láti 0 dé 255.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo ní ojú mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ojú kọ̀ọ̀kan yálà kí ó ṣí tàbí kí ó dojú dé. Odù tí ó lè yọ níbẹ̀ jẹ́ 256 gẹ́lẹ́. N kò sọ pé àwọn baba wa ni ó ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń fi àsọdùn ba ọ̀rọ̀ gidi jẹ́. Ìṣirò kan náà ni mo wí pé ó jẹ́, kò sì yẹ kí ó ṣàjèjì sí wa.

Ó ku bí oníbodè yóò ṣe yẹ àdírẹ́sì wò kí ó tó jẹ́ kí ó kọjá. Ẹni tí ó bá kánjú yóò ní kí bátànì gba nọ́ńbà onídíjítì kan sí mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Bátànì yẹn yóò gba 999.999.999.999 wọlé tayọ̀tayọ̀. Bí kò bá sì rántí pé nínú bátànì, àmì ìdánudúró lásán dúró fún àmì yòówù, 192x0x2x7 náà yóò wọlé. Bí kò bá so bátànì mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀rọ̀, 1.1.1.1000 yóò rí ọ̀nà gbà, nítorí pé 1.1.1.100 wà nínú rẹ̀.

Ìṣòro tòótọ́ ni pé bátànì kò mọ ìṣirò. A kò lè sọ fún un pé kí nọ́ńbà má ju 255 lọ, nítorí kò mọ ohun tí ń jẹ́ pé nǹkan ju nǹkan lọ. Àfi kí a ya ìrísí gbogbo nọ́ńbà náà sọ́tọ̀ fún un:

25[0-5]|2[0-4][0-9]|1[0-9][0-9]|[1-9][0-9]|[0-9]

Bí a bá kà á láti ẹ̀yìn, díjítì kan ṣoṣo jẹ́ 10. Díjítì méjì tí òdo kò ṣáájú jẹ́ 90. Èyí tí 1 ṣáájú nínú onídíjítì mẹ́ta jẹ́ 100. Láti 200 dé 249 jẹ́ 50. Láti 250 dé 255 jẹ́ 6. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 256 ni yóò jẹ́. Ìpín márùn-ún yìí kan náà ni ìwé ìlànà RFC 3986 ti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005 tẹ̀ jáde, kò sì gba òdo tí ó ṣáájú.

Òdo yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tí Yunifásítì California ní Berkeley gbé Unix wọn, 4.2BSD, jáde ní 1983, ohun tí ń ka àdírẹ́sì nínú rẹ̀ lawọ́ púpọ̀. Ó ń gba 127.1 gẹ́gẹ́ bí 127.0.0.1. Ó ń gba 2130706433 náà, ibì kan náà ni ó sì ń mú un lọ. Bí òdo bá ṣáájú nọ́ńbà, ó gbà pé òǹkà onímẹ́jọ ni, bí àṣà èdè C: 010 kì í ṣe mẹ́wàá lọ́dọ̀ rẹ̀, mẹ́jọ ni. Àwa tí ń fi ogún ka nǹkan, tí ọgọ́ta wa jẹ́ ogún mẹ́ta, mọ̀ pé òǹkà ju oríṣi kan lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ jogún ìwà yìí.

Ní ọdún 2012 mo fún kíláàsì mi ní ìdánwò. Mo ní kí wọ́n kọ bátànì tí yóò gba àdírẹ́sì tí ó tọ́. Èyí tí èmi ní lọ́wọ́ ni èyí tí ó wọ́pọ̀, tí ó fi [01]?[0-9][0-9]? rọ́pò ìpín mẹ́ta ìkẹyìn. Ó kúrú, ó dùn-ún wò, ó sì ń gba 010. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ìpín márààrún, bátànì rẹ̀ sì kọ 010.8.8.8 sílẹ̀. Mo yọ máàkì mẹ́jọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ àlàyé sí etí ìwé pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní. N kò kà á.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021 ni ìròyìn àbùkù kan jáde nípa netmask, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ètò orí Node.js ń lò. Ó ń ka 0177.0.0.1 sí 177.0.0.1, èyí tí ó wà níta, nígbà tí ẹ̀rọ tí ń ránṣẹ́ lọ síbẹ̀ gangan kà á sí 127.0.0.1, èyí tí í ṣe ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Oníbodè rí àlejò, ó jẹ́ kí ó kọjá. Inú yàrá onílé ni àlejò náà ti yọ. Ní ọdún kan náà ni a rí i pé Python ti ń gba òdo iwájú láti ẹ̀dà 3.8 tí ó jáde ní 2019. Láti ẹ̀dà 3.9.5 ni ó ti ń kọ̀ ọ́. Lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà, 010.8.8.8 jẹ́ 10.8.8.8, àdírẹ́sì abẹ́lé. Lọ́dọ̀ ẹ̀rọ onímẹ́jọ, 8.8.8.8 ni, níta gbangba.

Àdírẹ́sì tuntun oníbíìtì 128, tí ìlànà rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1995, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a lè fi :: dín ọ̀wọ́ òdo kù lẹ́ẹ̀kan níbi tí ó bá wù wá nínú rẹ̀. Bátànì rẹ̀ gùn débi pé n kò rí ẹni tí ń kọ ọ́ láìwo ibì kan. Èmi a máa ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lo irinṣẹ́ tí ń ka àdírẹ́sì náà fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì fi ohun tí ó kà jáde ránṣẹ́, kì í ṣe ohun tí àlejò kọ.

Nígbà tí ìròyìn 2021 yẹn dé, mo wá àdírẹ́sì akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, mo kọ̀wé sí i, mo tọrọ àforíjì. Èsì rẹ̀ kò gùn. Ó ní òun ti gbàgbé máàkì mẹ́jọ náà tipẹ́, ṣùgbọ́n òun kò gbàgbé pé òun rí ìwé òun gbà padà láìsí àmì bírò kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàyé tí òun kọ sí etí rẹ̀.