Kupé 504 Jáde ní Boundary

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Ọjọ́ Àìkú ni, ọ̀gá mẹkáníìkì ló sì mọ̀ọ́mọ̀ yàn án. Láàárọ̀ Àìkú, tírélà kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú títì Àpápá, bẹ́ẹ̀ ohun tí kò dára rárá fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tò ni kó dúró sójú kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kó máa kùn, kó má rí iṣẹ́ gidi ṣe. Apá kan nínú ohun tí mo kọ síbí ṣojú mi. Ìyókù, mo tò ó jọ láti ẹnu ọ̀gá, ẹnu Àlàájì tó ni mọ́tò, àti ìwé tí ọmọṣẹ́ kan ń kọ aago sí, pẹ̀lú ibi tí ọwọ́ gééjì omi bá dé.

Peugeot 504 kupé ni mọ́tò náà. Kì í ṣe 504 tí gbogbo wa wọ̀ lọ sí Ìbàdàn o, èyí tí wọ́n ń tò ní Kaduna láti 1975. Pininfarina ló ya àwòrán kupé, Turin ni wọ́n ti ń ṣe ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó rẹlẹ̀, imú rẹ̀ sì gùn. 1969 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, 1983 ni wọ́n dá ṣíṣe rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá rò pé ọkọ̀ fáàrí lásán ni, kó rántí 1978: kupé 504 oní-V6 ni Jean-Pierre Nicolas wà tó fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kenya, òun náà ló sì tún gbé gba Bandama ní Ivory Coast lọ́dún yẹn. Ti Àlàájì kì í ṣe V6. Sílíńdà mẹ́rin ni, lítà 2, ìyẹn ló sì yọ Àlàájì, torí ẹ́ńjìnnì náà bá ti 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin tan, ohun tó bá bàjẹ́ nínú rẹ̀ ṣì ń ṣe é rí ní ọjà Ládípọ̀. Injection tó bá a wá láti òkè òkun ti lọ tipẹ́; kàbúrétọ̀ Solex ló wà níbẹ̀ báyìí.

Aago mẹ́fà. Ọ̀gá ò jẹ́ kí wọ́n sítáàtì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní kí ọmọṣẹ́ máa yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀ títí iná ọ́ìlì fi kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Kí ọ́ìlì kọ́kọ́ dé gbogbo bẹ́rìnnì ná. Nígbà tí wọ́n dá púlọ́ọ̀gì padà tó sì gbaná, èéfín tó jáde ní sàlẹ́ńsà ní àwọ̀ búlúù. Àlàájì di orí mú. Ọ̀gá ní ọ́ìlì tí òun fi pa písítìnì nígbà tí òun ń tò ó ló ń jó. Kò pẹ́, èéfín mọ́.

Ó ní ìdí tí ọ̀gá fi ń ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, písítìnì kì í rìn lára bọ́lọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Inú síléèfù ló ń rìn, síléèfù mẹ́rin tó ṣeé yọ, tí omi yí ká. Ìdí síléèfù kọ̀ọ̀kan ní òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dá omi dúró kó má bàa wọnú ọ́ìlì. Bí wọ́n bá ṣí tọ́ọ̀pù sílíńdà, tí ẹnì kan wá yí kíráńkì láìkọ́kọ́ de àwọn síléèfù mọ́lẹ̀, wọn yóò gbéra díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ti tó. Omi á bá ọ́ìlì pàdé, ọ́ìlì á sì funfun bí ògì. Ohun tó ba ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì ìṣáájú nìyẹn. Nítorí náà, gbogbo ibi tí wọ́n bá dúró sí lọ́jọ́ náà, gééjì ọ́ìlì ni ọ̀gá máa ń fà yọ, á wò ó, á gbóòórùn rẹ̀, á sì nù ún sí ṣòkòtò.

Aago méje. Wọ́n jáde ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, láàárín àwọn oníwàásù àti àwọn tó wọ aṣọ funfun lọ sí ìsìn, wọ́n sì wọ Àpápá. Ní àwọn òpópónà tó dákẹ́ ní GRA, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an. Ó fi í sí jíà kẹta, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò pátápátá, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á ní awakọ̀ ò mọ ọ̀nà ni. Bó bá tẹ̀ ẹ́, agbára iná inú sílíńdà ń ti ríìngì mọ́ ara síléèfù, àwọn méjèèjì á sì máa gé ara wọn ṣe rẹ́gí; bó bá gbẹ́sẹ̀, ọ́ìlì á fà gòkè láti fọ ohun tí wọ́n gé. Bí ẹ bá kàn rọra ń gbé e kiri nìkan, ara síléèfù á dán, ríìngì ò ní mú un mọ́, ọ́ìlì ni yóò sì máa mu títí ayé.

Aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, kò sí wàhálà. Wharf Road, Ìjọ́rà, Costain, Orílé, kí wọ́n tó máa bá ojú irin Blue Line rìn lọ sí Mile 2. Ìwé ọmọṣẹ́ kò ní ju "omi: àárín" lọ. Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín.

Aago mọ́kànlá ni ọ̀rọ̀ yíwọ́. Lójú ọ̀nà konkéré tó gba Coconut lọ sí Tin Can, tírélà ti tò gbọọrọ. Láti oṣù kejì 2021 ni wọ́n ti ní kí tírélà máa gba àyè lórí ẹ̀rọ Ètò kó tó wá sí èbúté, ó sì dín ìyà kù lóòótọ́, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ọ̀nà ò lọ. Ọwọ́ gééjì omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Fáànù 504 kì í yí nígbà gbogbo: bí omi bá gbóná tó ìwọ̀n kan ni mágínẹ́ẹ̀tì oníná máa ń dì í mú, tó bá tutù, á tú u sílẹ̀. Fáànù tọjọ́ yẹn kàn ń fẹjú wo wọn.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká bu omi sí i!"

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan rédíétọ̀ yẹn o. Á bó yín lójú."

Dípò bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ṣí hítà dé góńgó. Nínú oòrùn Èkó! Hítà náà ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ó ń dà á lé wọn lẹ́sẹ̀. Ọmọṣẹ́ sọ fún mi pé òógùn rin ìwé òun, òtítọ́ sì ni, tádàwà ojú ewé yẹn ti ṣàn. Wọ́n rí àyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n pa á, wọ́n sì rí i pé wáyà tó lọ sí mágínẹ́ẹ̀tì ti yọ. Ọ̀gá fi eyín bó o, ó so ó. Wọ́n sítáàtì. Fáànù dì, ó dún gàù, ọwọ́ gééjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wálẹ̀. Ọ̀gá fa gééjì ọ́ìlì: kò sí ògì.

Aago kan sí mẹ́ta, mọ́tò ń sinmi. Èmi náà sùn.

Aago mẹ́ta ààbọ̀, Àlàájì gba sítíárì. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò dá eré dúró láti wo kupé náà, ìyẹn ní Ajégúnlẹ̀ tí Odion Ighalo ti dàgbà o, níbi tí kì í ṣe ohun kékeré ló ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọmọ. Orí Àlàájì wú. Ó débi títì tó gbòòrò, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀.

"Àlàájì, ẹsẹ̀ yín."

"Ọ̀gá, ṣé ọkọ̀ eré kọ́ ni?"

"Ẹ jẹ́ kó tó kìlómítà 1,000 ná, ẹ óò sá a títí á fi sú yín."

Ní tèmi, ìwọ̀nba eré tó sá ti fi nǹkan hàn: kò wúkọ́, kò dá nọ́ọ̀kì kankan, ó ń fà láti ìsàlẹ̀ láìjanpata. Ohùn rẹ̀ nípọn ju ti 504 ojú pópó lọ, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sàlẹ́ńsà.

Aago márùn-ún, wọ́n tú ọ́ìlì sínú báàsí nígbà tó ṣì gbóná. Lítà mẹ́rin tí kò tíì pé ọjọ́ kan, Àlàájì ń wò ó bí ó ti ń ṣàn lọ. Ọ̀gá da díẹ̀ sórí àkísà funfun, ó fi í wojú oòrùn. Eérú irin kíkúnná, aláwọ̀ eérú, ló wà níbẹ̀: ti ríìngì àti síléèfù nìyẹn, ó yẹ kó wà. Kò sí ohun pupa tó ń dán, èyí tí ìbá jẹ́ ti bẹ́rìnnì.

Aago méje alẹ́, Àlàájì na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá fi í sápò. Ó ní bóòtù tọ́ọ̀pù sílíńdà gbọ́dọ̀ tutù mọ́júmọ́ kí òun tó tún wọn dè, kí mọ́tò sùn síbí. Àlàájì gbà nípa kọ́kọ́rọ́, àmọ́ kò gbà nípa owó ọ́ìlì kejì, orí ìyẹn ni wọ́n wà nígbà tí mo wọ Márúwá.