Lùkúlùkú Ọdún 1918 àti Àwa Akẹ́kọ̀ọ́ Òde Òní

Kí Kòrónà tó ti ilé ẹ̀kọ́ wa pa ní ọdún 2020, àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn ti kọ́kọ́ ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní Èkó. Ọdún 1918 ni. Àrùn influenza ni, ìyẹn ọ̀fìnkìn líle tó máa ń ti inú ikọ́ àti sísín ran ẹlòmíràn. Àwọn baba wa pè é ní lùkúlùkú.

Orí omi ló gbà wọlé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Bida gbé àwọn aláìsàn wá láti Gold Coast, tó di Ghana lónìí. Kò pẹ́ tí àrùn fi gba ìgboro Èkó kan. Ìjọba amúnisìn ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn pa, wọ́n sì ń rán wolé-wolé láti ojúlé dé ojúlé láti wá àwọn aláìsàn jáde.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ọ̀pọ̀ ará ìlú bẹ̀rù wolé-wolé bí wọ́n ṣe bẹ̀rù àrùn náà gan-an. Wọn kò fẹ́ kí wọ́n gbé èèyàn wọn lọ síbi tí wọn kò ti ní lè tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan gbé aláìsàn pamọ́, àwọn mìíràn sá kúrò ní Èkó, àrùn sì bá wọn lọ. Ọkọ̀ ojú irin náà gbé e wọ ìlú òkè. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ló bá a lọ ní Nàìjíríà.

Báwo lèyí ṣe kan ẹni tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ká fọ ọwọ́, ká ṣí fèrèsé, ká fi ìgúnpá bo ẹnu bí a bá ń wúkọ́, gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò wá sí kíláàsì nítorí àìsàn bá máa pàdánù máàkì, yóò gbé ibà àti ikọ́ rẹ̀ wá jókòó sáàárín wa. Òun náà ń fi àrùn pamọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí aláìsàn lè ṣe ìdánwò rẹ̀ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá yá. Àwa tí a jọ ń gbé yàrá, ẹ jẹ́ ká bá a ra oúnjẹ, ká fún un ní nóòtì dà kọ. Ẹni tó mọ̀ pé a kò ní fìyà jẹ òun ni yóò tètè sọ pé ara òun kò yá.