Orúkọ Wo Ni Ká Pe Onígìtá Béèsì?

Bí ènìyàn bá gba Òpópónà Otigba wọ ọjà Computer Village ní Ìkẹjà, kí ó tó rìn dé àárín ọjà, yóò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn tó ń ta sípíkà àti àwọn tó ń rà á, ọ̀rọ̀ tí ìwé atúmọ̀-èdè kankan kò kọ́ wọn. Oníbàárà á gbé sípíkà kalẹ̀ lórí pákó, á na àtẹ́lẹwọ́ sí ihò ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń tú jáde, á ní, “Béèsì ẹ̀ ò jinlẹ̀ tó.” Ọlọ́jà á dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n ṣí i sókè díẹ̀, ẹ máa gbọ́ béèsì.” Wọ́n yá orúkọ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀, Yorùbá pọ́ńbélé ni; jíjinlẹ̀ ni ohùn ìsàlẹ̀ ń jinlẹ̀ létí wa, gẹ́gẹ́ bí kànga àti bí ọ̀rọ̀ àgbà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́jà wọ̀nyí ni a kò tí ì bí nígbà tí Òpópónà Pepple, tí àwọn atúnfóònùṣe kún fọ́fọ́ báyìí, jẹ́ ojúde orin. Níbẹ̀ ni Afrika Shrine ti Fẹlá Aníkúlápó-Kútì wà láti ìparí àwọn ọdún 1970 títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní 1997, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣí tuntun ní Agídíńgbí ní 2000. Ní Ìkẹjà yìí kan náà ni Ginger Baker, onílù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nì, kọ́ sítúdíò ARC sí. Nígbà tí Paul McCartney sì wá sí Èkó ní 1973 láti ka àwo Band on the Run sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Àpápá, ní sítúdíò EMI, ni ó ti ṣe èyí tó pọ̀ jù, ARC ni ó ti ka orin kan nínú rẹ̀. Méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀ láti bá a wá, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló lu ìlù, tó sì tún ta gìtá béèsì tí ó ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà Beatles.

Ní ọdún 1973 náà ni ẹgbẹ́ BLO gbé Chapter One jáde lọ́dọ̀ EMI, orin rọ́ọ̀kì tí ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta ṣe. Berkley Jones ló ni B, Laolu Akintobi ló ni L, O sì jẹ́ ti Gbénga Odùmósù, tí wọ́n ń pè ní Mike, ẹni tó ń ta béèsì. Nígbà tó di àárín ọdún mẹ́wàá náà, Odùmósù ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ta béèsì fún Osibisa, ẹgbẹ́ tí Teddy Osei ará Gánà dá sílẹ̀ ní 1969. Ẹni tó ti ń ta rọ́ọ̀kì l'Ékòó wá di ẹni tó gbọ́dọ̀ ta háíláìfù, jáàsì àti rọ́ọ̀kì pọ̀ nínú orin kan ṣoṣo.

Irú ẹni tí a ń ránṣẹ́ pè sí sítúdíò tàbí sí òde eré, tí yóò ta gìtá fún orin olórin, tí yóò gbowó iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò sì máa lọ, orúkọ wo ni yóò máa jẹ́ ní èdè wa? Èmi yàn án ní alágbàṣe orin. Alágbàṣe a máa gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ sí oko olóko, wọn a ka ebè fún un, a kọ ọ́, a gbowó. Ṣùgbọ́n nígbà ìkórè, kò sí ẹni tí í fi orúkọ rẹ̀ pe oko. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fajú ro, wọn yóò ní orúkọ náà ní òórùn ìṣẹ́, wọn yóò sì fẹ́ ká lo agbaṣẹ́ṣe dípò rẹ̀. N kò gbà. Agbaṣẹ́ṣe ayé òde òní, àwọn ẹlòmíràn ní í bá a ṣiṣẹ́; ìka ọwọ́ onígìtá béèsì fúnra rẹ̀ ni ó ń le kókó. Bí alágbàṣe sì ti gbọ́dọ̀ mọ bí ilẹ̀ olúkúlùkù ti rí kí ó tó ti ọkọ́ bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni alágbàṣe orin gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn olórin tí kò bá pàdé rí, kí ó sì mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí.

Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí béèsì oníná mànàmáná tó dé, agídìgbo ló ń ṣe iṣẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ nínú orin àpàlà àti nínú jùjú ìgbà kan. Àpótí pákó ni, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n tò sí ojú rẹ̀, àtàǹpàkò sì ni wọ́n fi ń ta á. Fàtáì Rolling Dollar, tó jáde láyé ní 2013, ta á pẹ̀lú J. O. Àràbà ní àwọn ọdún 1950. Àwọn àgbà wí pé bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Béèsì náà kò yàtọ̀, nítorí ẹni tó ń jó sí i lè máà mọ̀ pé òun ló ń jó sí.

Nítorí náà, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Àyàn Àgalú ni kí a ti lọ tọrọ ọ̀rọ̀. Okùn awọ tó so ojú dùndún méjèèjì pọ̀, ọsán ni wọ́n ń pè é, bí ti ọrun ọdẹ; kí ni kò ní jẹ́ kí okùn irin mẹ́rin orí béèsì máa jẹ́ ọsán? Ìlù tó ń mú ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, àlùjó ni. Orúkọ náà tó fún ohun tí àwọn onígìtá ń wá kiri nígbà tí béèsì àti ìlù bá fẹnu kò. Nígbà tí ìyáàlù bá kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀ láti fi ọgbọ́n ọwọ́ hàn, a ní ó ń dárà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ sì ni onígìtá jáàsì ń ṣe. Ọ̀wọ́ ohùn kúkúrú tí béèsì ń tún ta láìyẹsẹ̀ nínú orin Fẹlá, níbi tí orin kan ṣoṣo ti máa ń gba odindi ojú àwo kan, ègbè ni mo pè é, nítorí òun ló ń gbe ẹni tó ń lé orin.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi agídí ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀ ní 1990 ṣiṣẹ́ ńlá fún àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ nítorí pé wọ́n kúrú, wọ́n sì dán. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ Computer Village máa pe béèsì ní ohun-èlò-olókùn-mẹ́rin-abohùn-ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ nídìí sípíkà. Béèsì, gìtá àti sítúdíò ti di ọmọ ilé. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀.

Lónìí, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n rà ní Otigba ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń tẹ béèsì sínú orin wọn, ìdí nìyí tí iṣẹ́ alágbàṣe fi ń dínkù. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń pe onígìtá wá sí sítúdíò, ẹ san owó rẹ̀ pé, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́ náà, ní lẹ́tà tí ojú lásán lè kà.