Arìnrìn-àjò àti Gbèsè Ilé Ìwòsàn: Láti Ẹdẹ dé Ìlú Ọba



Ìtàn tí a jogún fi yé wa pé nítorí arìnrìn-àjò ni a ṣe tẹ Ẹdẹ dó. Nígbà tí àwọn ajínigbé ń dá àwọn oníṣòwò lọ́nà, Aláàfin rán Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná, kí ó wá ṣọ́ ọ̀nà náà. Láyé àtijọ́, àlejò kì í wọ̀lú láìní onílé. Bí àìsàn bá dá a gúnlẹ̀, onílé ni yóò pe oníṣègùn; bí ó bá jẹ gbèsè, onílé náà ni onígbọ̀wọ́. Bí gbèsè náà kò bá ṣeé san, olówó a rán ológò lọ jókòó ti ajigbèsè lẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní í dìde títí owó yóò fi jáde.

Mo rán yín létí èyí nítorí àwọn òbí wa tí ń lọ bá ọmọ wọn gbé ọmọ jòjòló ní Ìlú Ọba. Nígbà tí ètò ìlera NHS bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, ọ̀fẹ́ ni fún onílé àti àlejò. Nígbà tí àwọn kan ráhùn, Aneurin Bevan, mínísítà tí ó dá ètò náà sílẹ̀, ṣàlàyé pé bí a bá fẹ́ mọ àlejò yàtọ̀, onílé pàápàá yóò ní láti máa fi ẹ̀rí hàn pé onílé ni òun. Síbẹ̀, òfin ọdún 1949 fún ìjọba láṣẹ láti gbowó lọ́wọ́ àlejò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1982 ni ilé ìwòsàn tó bẹ̀rẹ̀ sí gbà á. Láti ọdún 2015, ní ilẹ̀ England, ọ̀pọ̀ àlejò ń san iye owó ìtọ́jú gan-an àti ìdajì rẹ̀ lé e. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2017, àfi bí ọ̀ràn bá jẹ́ kánjúkánjú, owó ni yóò ṣíwájú ìtọ́jú.

Ní ọdún 2016, abiyamọ kan, ọmọ Nàìjíríà, bí ìbẹ́rin ní London láìtọ́jọ́. Wọ́n tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n ìròyìn sọ pé owó náà tó nǹkan bí 500,000 pọ́n-ùn. Níbo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ti rí i? Bẹ́ẹ̀, gbèsè tí ó bá tó 500 pọ́n-ùn péré lè mú kí a fi ìwé àṣẹ ìwọ̀lú du ènìyàn lọ́jọ́ iwájú. Ológò ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé. Ẹnu ibodè ni ó jókòó sí.

Ìkìlọ̀ Bevan sì ṣẹ. Ní ọdún 2018 ni a gbọ́ ti ọkùnrin kan tí ó ti Jàmáíkà wá, tí ó ti gbé London fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Wọ́n bi í ní 54,000 pọ́n-ùn kí wọ́n tó tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ rẹ̀, nítorí pé kò rí ìwé fi hàn. Onílé di àlejò.

N kò wí pé kí onílé máa ru ẹrù àlejò títí láé. Àwọn tí ń san owó orí níbẹ̀, tí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ọmọ wa wà lára wọn, ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen kì í fún ènìyàn wa ní físà láìsí ìbánigbófò tí ó tó 30,000 yúrò; Ìlú Ọba kò sọ èyí di dandan fún àlejò, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń lọ lọ́wọ́ òfo. Kí ọmọ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá rẹ̀ ní Ẹdẹ, kí ó kọ́kọ́ wá onígbọ̀wọ́ yìí fún un, kí ó má sì fi ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá pamọ́ nínú àdéhùn. Tìmì kò dúró de ìgbà tí ọ̀tá dé kí ó tó na ọrun rẹ̀.